Mẹ́mórì pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ní kò tó

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì pa wọ́n pọ̀: àwọn kọ̀ǹpútà ayé ìjọ́un, bí DOS àti OS/2 (ètò alábòójútó tó ń darí kọ̀ǹpútà ni méjèèjì) àti Macintosh, kọ̀ǹpútà Apple, ṣe ń pín mẹ́mórì, àti ìdí tí ètò kan fi ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tí kò sì ṣiṣẹ́ lórí tọ̀hún. Inú mi dùn nígbà tí mo kà wọ́n. Ọdún 1988 ni mo kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, atẹ̀wé ni mí nígbà náà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kí n tó di ẹni tó ń tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ mẹ́mórì ti ń jẹ mí lógún, torí òun ló ń dá iṣẹ́ mi dúró jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mọ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ni mí ní Òṣogbo. Kọ̀ǹpútà 486 àtijọ́ kan la fi ń ṣírò owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, DOS 6.22 ló wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹnì kan ti bá wa kì káàdì bọ inú rẹ̀, èyí tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kejì, ni ètò ìṣirò náà kò ti ṣí mọ́. Ohun tó ń kọ sójú ni "Program too big to fit in memory". 4 MB ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ra mẹ́mórì kún un, ó di 16 MB, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún kọ. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? Akọ̀wé, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó ta mẹ́mórì fún yín kò rẹ́ yín jẹ. 16 MB náà pé. DOS ni ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

Oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé PC rẹ̀ jáde. Prósẹ́sọ̀ Intel 8088, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó wà nínú rẹ̀ ní wáyà 20 tó fi ń pe àdírẹ́sì. Wáyà kan kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ mú ení, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà ogún, 1,048,576 báìtì, ìyẹn àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ni yóò já sí, èyí tí à ń pè ní MB kan; KB kan jẹ́ báìtì 1,024. Bí ẹ bá kó 100 MB síwájú 8088, kò ní rí ju ẹyọ kan yìí lọ.

IBM wá pín MB kan náà bí baálé ṣe ń pín ilé. Ó fi 640 KB ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún DOS àti ètò tí ènìyàn bá fẹ́ lò. Ó ya 384 KB ti òkè sọ́tọ̀ fún skírínì, fún àwọn káàdì tí a ń kì bọ inú ẹ̀rọ, àti fún ROM tó ń jí ẹ̀rọ nígbà tí a bá tàn án. Àwọn tó ń kọ ètò rí i pé bí àwọn bá ń kọ ọ̀rọ̀ tààrà síbi tí skírínì ń gbé, láì gba ọwọ́ DOS, ó yá púpọ̀. B800 ni àdírẹ́sì skírínì aláwọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò ṣe mọ ojúlé skírínì báyìí, kò sẹ́ni tó tún lè ṣí i nípò, 640 KB sì di ògiri.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń bú àwọn tó ṣe ìpín yìí pé wọn kò ríran jìnnà. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo CP/M, ètò alábòójútó tó gbòde ṣáájú PC, 64 KB ni gbogbo mẹ́mórì tí prósẹ́sọ̀ wọn lè pè, níbẹ̀ ni ètò alábòójútó ń gbé, níbẹ̀ ni WordStar, ètò ìtẹ̀wé, ń gbé, níbẹ̀ náà ni lẹ́tà tí ènìyàn ń tẹ̀ ń gbé. PC tó kéré jù ní 1981, 16 KB ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé yàrá kan tí wọ́n wá fún ní yàrá mẹ́wàá, ṣé yóò sọ pé kò tó?

CP/M yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, ẹ ó tún bá a pàdé níwájú. Gary Kildall ló kọ ọ́ ní 1974. Nígbà tí Tim Paterson ń kọ ètò tó padà di DOS ní Seattle Computer Products ní 1980, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀nà ìpè inú rẹ̀ bíi ti CP/M, kí ó lè rọ àwọn tó ti kọ ètò fún CP/M lọ́rùn láti gbé e wá. Fáìlì COM ti DOS ń bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 100h nínú àyè rẹ̀, ojúlé kan náà tí ètò CP/M ti ń bẹ̀rẹ̀. WordStar tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, inú CP/M ni wọ́n ti bí i kó tó ṣí wá sínú DOS. Láti ọjọ́ kìíní ni DOS ti ru ẹrù ẹlòmíràn.

Ní 1984, IBM gbé AT jáde. Prósẹ́sọ̀ 80286 ló wà nínú rẹ̀, ó ní wáyà 24, ó lè pe 16 MB. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ìṣòro ti parí. Lórí 8088, bí ètò bá pe àdírẹ́sì tó kọjá òpin MB kan, ńṣe ló máa ń yí padà sí òdo, bí aago tó dé méjìlá tó tún bọ́ sí ení. Àwọn ètò kan ti gbọ́kàn lé yíyí yìí. Ọ̀kan nínú ọ̀nà ìpè tí DOS jogún lọ́wọ́ CP/M gan-an gbọ́kàn lé e. Lórí 286, wáyà kọkànlélógún ti wà níbẹ̀, àdírẹ́sì náà kò yí padà mọ́, ó kọjá sínú MB kejì, ètò àtijọ́ á sì kú.

Kí ni IBM ṣe? Wọ́n fi ẹnubodè sí wáyà kọkànlélógún náà. A20 ni wọ́n ń pè é, torí pé láti òdo ni wọ́n ti ń ka wáyà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù ní ẹsẹ̀ kan tí kò níṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n so ẹnubodè náà mọ́. Ẹ dúró lórí èyí díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́. Ọwọ́ ẹ̀rọ kíbọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà tó lọ sí MB kejì wà, torí pé wọn kò fẹ́ kí ètò ọdún 1981 kú. Lọ́jọ́ tí mo kà á nínú ìwé ẹ̀rọ, mo dìde lórí àga. Títí di ìgbà náà, mo rò pé ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà kàn jókòó, ó ro ohun tó dára jù, ó sì ṣe é. Ó wá yé mi pé wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún ohun tó ti wà nílẹ̀, nígbà mìíràn débi tó ń dun ara wọn.

Ẹnubodè yìí náà ló tún wá di ọ̀nà àbáyọ. Bí ó bá ṣí, DOS lè na ọwọ́ dé 65,520 báìtì lókè MB kan láì yí ìṣesí rẹ̀ padà. HIMEM.SYS, fáìlì kan tó ń bá DOS wá, ló ń ṣí i. Láti DOS 5, ní 1991, ni Microsoft ti jẹ́ kí DOS lè kó ẹrù ara rẹ̀ lọ sókè yẹn, kí ìsàlẹ̀ lè ṣí sílẹ̀ fún ètò. Digital Research, ilé-iṣẹ́ Kildall fúnra rẹ̀, ti ṣe é ṣáájú wọn nínú DR DOS 5 ní 1990. Mo lo ti Digital Research yẹn, ó dára, mo sì gbà títí dòní pé òun ló jí Microsoft lójú oorun.

Ó wá kan tiyín. Káàdì tí wọ́n kì sí i kò lè dá ṣiṣẹ́, ó ní àwọn ètò kéékèèké tó ń bá a rìn, wọ́n ti jókòó sínú 640 KB kí ètò ìṣirò yín tó dé. Ohun tó ṣẹ́ kù kò gba ètò náà mọ́. Ẹ tẹ MEM /C, ẹ wo ìlà tó sọ pé "Largest executable program size", iye tó kù gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí CONFIG.SYS, fáìlì tí DOS ń kà nígbà tó bá ń dìde, kí ìlà mẹ́ta yìí wà lókè rẹ̀ pátápátá:

DEVICE=C:\DOS\HIMEM.SYS
DEVICE=C:\DOS\EMM386.EXE NOEMS X=D000-D3FF
DOS=HIGH,UMB

Nínú AUTOEXEC.BAT, ẹ kọ LH síwájú ètò káàdì náà kọ̀ọ̀kan. EMM386 á mú lára 16 MB tí ẹ rà, á fi dí àwọn àlàfo tí kò sẹ́ni tó ń lò nínú 384 KB òkè, LH á sì kó àwọn ètò kéékèèké lọ síbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ 386 àti àwọn àbúrò rẹ̀, bíi 486 tiyín, nìkan ló lè ṣe irú nǹkan yìí, 286 kò lè ṣe é. Ó yẹ kí ẹ rí ju 600 KB lọ ní ìsàlẹ̀.

Ẹ má ṣe fi X yẹn ṣeré. Ní 1993, a so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ ní sẹ́ńtà wa, èmi ni mo tún CONFIG.SYS ṣe. Mo rí 619 KB, ìdùnnú mi pọ̀. N kò mọ̀ pé káàdì náà ń lo 16 KB láti D000 fún ọ̀rọ̀ tó ń wọlé tó ń jáde, EMM386 kò sì rí i, ó kó ẹrù ẹlòmíràn lé e lórí. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà kejì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rọ náà dì gbagidi. Orí kẹrin ìwé ìwádìí ọmọ yunifásítì kan ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ kejì ló fẹ́ gbé e lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Mo sùn ní sẹ́ńtà lóru ọjọ́ náà, mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti inú ìwé àfọwọ́kọ. Nítorí náà, ẹ wo ara káàdì yín tàbí ìwé tó bá a wá, kí ẹ mọ àdírẹ́sì tó ń lò, òun ni kí ẹ kọ síwájú X. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti dìde, ẹ tún un tàn, ẹ tẹ F5 bó ṣe ń sọ pé "Starting MS-DOS", á fo CONFIG.SYS àti AUTOEXEC.BAT.

Ohun kan ṣì kù. Bí ètò ìṣirò yín bá jẹ́ èyí tó mọ EMS, ọ̀nà àtilo mẹ́mórì tó kọjá 640 KB, lò, RAM ni kí ẹ kọ dípò NOEMS. Ní 1985 ni Lotus, Intel àti Microsoft fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí EMS, torí pé ìwé ìṣirò àwọn ènìyàn ti ju 640 KB lọ. Ẹ fi wé obìnrin tó ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá lẹ́yìn ọjà, tó sì jẹ́ pé àtẹ mẹ́rin péré ló ní níwájú. Àtẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16 KB. Ohun tí oníbàárà bá bèèrè, á gbé e wá sórí àtẹ, á gbé èyí tó wà níbẹ̀ padà. Ó lọ́ra, ó sì ń gba 64 KB lára àyè òkè fún àtẹ mẹ́rin náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní NOEMS bí ẹ kò bá nílò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mọ́, ẹ káàsán mà. Peckham ni mo wà, ní London, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti ń lo Macintosh láti 1986 ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ 640 KB, pé àwọn tó ra IBM ló fọwọ́ ara wọn fa ìyà. Mo ní Macintosh náà gbọ́dọ̀ ní ìyà tirẹ̀. Iyàn náà pọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ̀wé sí yín. Ọmọ Ìjẹ̀bú, London.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, bá mi kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Prósẹ́sọ̀ Motorola 68000 inú Macintosh ń fi bíìtì 24 pe àdírẹ́sì (bíìtì kan ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kan), àdírẹ́sì rẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé 16 MB, kò sí ògiri láàárín. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò ṣì í sọ.

Macintosh àkọ́kọ́, ti oṣù kìíní 1984, 128 KB ni mẹ́mórì rẹ̀, àwòrán skírínì nìkan sì ń jẹ nínú rẹ̀. Àyè há débi pé àwọn tó kọ ọ́ ní láti dá ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Bí ètò bá bèèrè àyè, Macintosh kì í sọ ibi tí àyè náà wà fún un. Ìwé pélébé kan ló ń fún un, tó ń tọ́ka sí ìwé mìíràn lọ́wọ́ alábòójútó, ìwé kejì yìí ló mọ ibi tí ẹrù wà gan-an. Bí alábòójútó bá fẹ́ sún ẹrù jọ kí àlàfo lè pọ̀ lójú kan, á sún un, á tún ìwé kejì kọ, ètò kò ní mọ̀ pé ẹrù òun ti kúrò níbi tó wà lánàá. DOS kò ní ohun tó jọ ọ́. Ní tèmi, ní 1984, òun ni ọ̀nà ìpín mẹ́mórì tó gbọ́n jù lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè rà sílé.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ nìyí. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sínú ìwé kejì ní bíìtì 32, 24 péré ni prósẹ́sọ̀ ń kà. Mẹ́jọ tó kù ṣófo. Àwọn tí 128 KB ń fún lọ́rùn kò lè fi àlàfo ṣòfò, wọ́n fi kọ àmì: ẹrù yìí kò gbọdọ̀ kúrò nípò, èyí ṣeé dà nù bí àyè bá há. Àwọn tó ń kọ ètò rí àmì náà, àwọn kan lára wọn lọ ń fọwọ́ ara wọn yí i, láì gba ọwọ́ alábòójútó. Nígbà tó di 1987, Macintosh II dé pẹ̀lú prósẹ́sọ̀ 68020 tó ń ka gbogbo 32. Àmì náà wá di ara àdírẹ́sì. Ojúlé tí kò sí láyé ni irú ètò bẹ́ẹ̀ á lọ kanlẹ̀kùn.

Kì í ṣe ètò àwọn ará ìta nìkan. ROM tí Apple fúnra rẹ̀ kọ sínú Macintosh II, IIx, IIcx àti SE/30 ní àṣà yìí nínú. Nítorí náà, kódà tí ènìyàn bá kó mẹ́mórì púpọ̀ sínú wọn, 8 MB ni wọ́n ń lò mọ. System 7, ètò alábòójútó Macintosh, ní 1991 mú bọ́tìnnì kan wá tí a fi ń yan bíìtì 24 tàbí 32, àwọn ẹ̀rọ mẹ́rin tí mo dárúkọ yìí kò sì lè lo 32 àfi pẹ̀lú MODE32, ètò tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Connectix, kọ. Apple wá san owó rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ohun tí B800 ṣe fún DOS ni bíìtì mẹ́jọ yẹn ṣe fún Macintosh.

Mo ṣiṣẹ́ lórí Macintosh fún oṣù bíi mélòó kan ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Èkó, PageMaker la fi ń to ojú ewé ìwé ìròyìn. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé olúkúlùkù ètò ní iye mẹ́mórì tí ènìyàn ní láti fọwọ́ kọ fún un, nínú àpótí Get Info. Bí o bá kọ ọ́ kéré, ètò á kú lójú iṣẹ́. Bí o bá kọ ọ́ pọ̀, kò ní ku àyè fún ètò kejì. Kò sì sí ògiri láàárín ètò kan sí èkejì, bí ọ̀kan bá kọ ọ̀rọ̀ sínú ẹrù ẹnìkejì, àwòrán bọ́ǹbù á yọ, gbogbo iṣẹ́ á lọ. Aláàárẹ̀ kan ń ran gbogbo ilé. DOS náà kò ní ògiri yẹn o, n kò ní purọ́ gbè é.

ÌBÉÈRÈ: Arábìnrin wa, ẹ kú làákàyè. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ilé ìfowópamọ́ ni mí. Ní àárín ọdún 1990 sí 1999, OS/2 ló wà nínú yàrá ẹ̀rọ wa, n kò rántí ọjọ́ tó dì. Lórí tábìlì tèmi, Windows 3.1 ni, 16 MB ló ní, síbẹ̀ ó máa ń ní mẹ́mórì kò tó. Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tó ń dì ló borí? Bàbá Fẹ̀yìntì, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti tábìlì yín kúrò nílẹ̀. Mẹ́mórì tí Windows 3.1 ń sọ kì í ṣe 16 MB náà. Ó ní àwọn àpò kéékèèké tó ń kó orúkọ gbogbo fèrèsé, bọ́tìnnì àti àwòrán sí, àpò kọ̀ọ̀kan kò sì lè ju 64 KB lọ, torí pé bíìtì 16 ni àwọn ètò Windows fi ń tọ́ka sí nǹkan inú wọn. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé púpọ̀, àpò á kún, ìyókù 16 MB á wà níbẹ̀ láìníṣẹ́. Windows 95 kó púpọ̀ nínú ẹrù náà jáde, ó sì fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú àpò àtijọ́ kí ètò àtijọ́ má baà kú. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. OS/2 ti 1987 ní aṣọ: ògiri wà láàárín ètò kan sí èkejì, ó ń lo 16 MB láì wá ìyọ̀ǹda, ètò púpọ̀ lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n 286 ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí 286 bá ti wọ ìṣesí ààbò, èyí tó ń jẹ́ kí ògiri wà láàárín ètò, kò mọ ọ̀nà tó fi ń padà sí ìṣesí àtijọ́ tí DOS ń gbé, àfi kí wọ́n tún prósẹ́sọ̀ náà tàn láti ìbẹ̀rẹ̀. OS/2 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń tún un tàn lábẹ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, kí ètò DOS kan lè rí àyè ṣiṣẹ́. Kan péré. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ lọ sórí òmíràn, á dúró. Ẹni tó ní ètò DOS ogún, kí ni yóò fi èyí ṣe?

Ti 1992, OS/2 2.0, ni mo nífẹ̀ẹ́. Ó lo ìṣesí tí Intel kọ́ sínú 386, èyí tí prósẹ́sọ̀ kan fi ń ṣe bí ẹni pé 8086 (irú kan náà pẹ̀lú 8088) púpọ̀ ni òun. Ètò DOS kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀, pẹ̀lú MB kan tirẹ̀, ẹ sì lè yan irú mẹ́mórì tó máa wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ètò Windows náà ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó ti ní àkísà àgbà báyìí. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ ètò wò ó, ó ní bí mo bá kọ ọ́ fún Windows, ó ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, kí ni mo fẹ́ fi OS/2 ṣe? Bí OS/2 kò ṣe rí aṣọ tuntun rán mọ́ nìyẹn. 4 MB ló kéré jù tó ń béèrè, nígbà tí Windows 3.1 ń gba 2 MB lórí 386. Mo rántí iye tí mẹ́mórì jẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà. MB méjì kì í ṣe ohun tí ọ̀gá sẹ́ńtà wa lè dìde rà. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ mà. Télọ̀ ni bàbá mi, wọ́n ti di olóògbé. Inú dBASE III Plus, ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀, ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà wọn sí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí laptop mi tó ń lo Windows 11, kò ṣí rárá. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ọmọ Télọ̀, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Kú àṣẹ̀yìndè bàbá rẹ, ọmọ mi. Kò bàjẹ́. Ìṣesí tí mo sọ fún Bàbá Fẹ̀yìntì lẹ́ẹ̀kan, tí 386 fi ń ṣe bí ẹni pé 8086 púpọ̀ ni òun, nígbà tí ilé-iṣẹ́ AMD ń ṣe ìṣesí bíìtì 64, kò kó o mọ́ ọn. Windows bíìtì 64 kò ní ilé tí yóò fi ètò DOS wọ̀ sí. Ibẹ̀ ni okùn tó ti ń na bọ̀ láti CP/M já.

DOSBox ni kí o wá, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń fi sọ́fítíwíà kọ́ odindi PC àtijọ́ sínú fèrèsé kan, tòun ti EMS rẹ̀. Kó fáìlì bàbá rẹ sínú àpò kan tó ń jẹ́ TELO, ṣí DOSBox, tẹ MOUNT C C:\TELO, tẹ C: lẹ́yìn náà, kí o wá tẹ DBASE. Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, DOSBox-X ni kí o lò, torí DOSBox lásán kò mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ̀n nìkan lo ń wá, o lè má nílò dBASE rárá. Wá àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí pẹ̀lú DBF, ṣe ẹ̀dà wọn sí ibi méjì kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n, kí o wá fi LibreOffice Calc ṣí ẹ̀dà kan. Orúkọ oníbàárà, àyà, ìbàdí, gígùn apá, bí bàbá rẹ ṣe tò wọ́n ni wàá ṣe bá wọn. Bí o bá rí fáìlì DBT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, má jù ú nù, ibẹ̀ ni dBASE ń kó ọ̀rọ̀ gígùn sí, ó ṣeé ṣe kí àlàyé nípa irú aṣọ tí oníbàárà fẹ́ wà níbẹ̀. Kọ̀wé sí mi bí o bá ti ṣí i, mo fẹ́ mọ ọdún tó wà lórí èyí tó pẹ́ jù.